Ìpara Ìdápadà

Ẹ̀jẹ̀ ni aránṣọ kọ́kọ́ rí nígbà tó lajú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti ta sórí ìrọ̀rí funfun níbi tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sùn. Ó jókòó, ó rọra fi ìka kan ojú rẹ̀. Irorẹ́ ńlá àná ti bẹ́ lójú oorun, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti wú yí i ká. Wọ́n le, wọ́n gbóná, wọ́n sì ń ro ó wọ egungun.

Ìrora yẹn kọ́ ló mú kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Ohùn tó gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni.

"Adúmáadán mi, ṣé ẹ ti jí? Mo ti gbé omi gbígbóná yín sí bálùwẹ̀ o."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ló ti fún àbúrò ọkọ rẹ̀ ní orúkọ yẹn, bí ìyàwó ilé ti máa ń ṣe. Nígbà náà, ó bá a mu. Ojú aránṣọ dúdú, ó jọ̀lọ̀, ó ń dán, àwọn oníbàárà a sì máa bi í ní ohun tó ń fi pa á. Kò pẹ́ tí ìyàwó dé ni irorẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti àgbọ̀n bẹ̀rẹ̀, ó gun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wá sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn. Kò sóhun tó ń dán níbẹ̀ mọ́ àfi ọ̀rá. Síbẹ̀, ìyàwó kò jáwọ́: Adúmáadán láàárọ̀, Adúmáadán lálẹ́.

Aránṣọ yí ìrọ̀rí náà dà kí ẹ̀jẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì dúró títí ẹsẹ̀ ìyàwó fi jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

*

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi aṣọ bo dígí gbọọrọ tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wo ara rẹ̀ ni yóò ṣí i fúnra rẹ̀, aránṣọ á sì yíjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Tíṣà kan wá gba búláòsì funfun rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Lára kọ́là búláòsì náà ni àbàwọ́n kékeré kan wà, ó pupa, ó ti ń dúdú létí.

"Kí lèyí?"

Aránṣọ mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tó tẹ̀ ba lórí ẹ̀rọ ni ọ̀kan nínú wọn bẹ́. Tíṣà wo aṣọ, ó wo ojú rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn.

"Má bínú o. Ṣé ó máa ń ràn ni?"

"Kì í ràn, mà."

"Ó dáa." Tíṣà gbé búláòsì náà kalẹ̀, kò mú un mọ́. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Èyí kì í ṣe ojú lásán. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ta ló wọlé yín nígbà yẹn?"

Ó ti pẹ́ tí aránṣọ fúnra rẹ̀ ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Tíṣà júwe ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onípara fún un.

*

Ẹ̀yìn ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta bókẹ́ẹ̀tì oníke ni yàrá Onípara wà. Òwúrọ̀ ni, oòrùn sì mú níta, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì tó nípọn ti sọ inú ibẹ̀ di àṣálẹ́. Òórùn kánfọ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Obìnrin náà sanra, ojú tirẹ̀ sì ń dán lọ́nà tó ń dẹ́rù bani, kò sí ìlà kan lára rẹ̀, kò sí ihò kan.

"Jókòó. Má sọ nǹkan kan fún mi. Kí lẹni náà máa ń pè ẹ́?"

Aránṣọ kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Adúmáadán, mà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Onípara rín ẹ̀rín tí kò dún síta. "Ẹni tó bá ń pe dídán ẹ jáde láàárọ̀, tó tún ń pè é jáde lálẹ́, ọ̀dọ̀ ta lo rò pé dídán náà ń lọ?"

Gbogbo àárọ̀ tí ìyàwó ti ń kan ilẹ̀kùn ló sáré kọjá lọ́kàn aránṣọ, omi gbígbóná, ẹ̀rín, ọwọ́ tó ń gba aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀ lọ fọ̀.

Onípara gbé agolo pẹlẹbẹ kan lé e lọ́wọ́. Ìpara funfun ló wà nínú rẹ̀. "Ìdápadà lorúkọ ẹ̀. Bó bá ṣe ń kúrò lójú ẹ, ojú ẹni tó rán an wá ló ń lọ. Máa pè é lórúkọ tó o bá ń pa á. Má jẹ́ kó mọ̀."

"Kí ló wà nínú ẹ̀, mà?"

"Ojú lo fẹ́ kó dán, àbí ohun tó wà nínú ẹ̀ lo fẹ́ mọ̀?"

Aránṣọ gbé agolo sínú báàgì, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

*

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ba aránṣọ bó ṣe yá tó. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wíwú ti lọ, pípọ́n ti rọ, awọ ojú rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ó ká aṣọ kúrò lójú dígí. Ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló jáde sí pálọ̀, ó sì bá ìyàwó níbi tó ti ń nulẹ̀. Ìyàwó gbójú sókè láti kí i. Lágbọ̀n rẹ̀, irorẹ́ pupa mẹ́ta ti yọ. Ọ̀kan tún ti ń wú bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ imú.

"Adúmáadán mi, ojú yín mà ti dá o. Kí lẹ lò?"

"Ọṣẹ lásán ni."

Aránṣọ wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ẹ̀yìn tì í. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ nítorí pé ó dùn. Nígbà tó yá, ó tún bu ìpara náà, ó sì pe orúkọ ìyàwó sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

*

Ohun tí kò mọ̀ wà nínú ìyàwó.

Oyún ni. Kò tíì ju ohun tí a lè fi sínú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìyàwó kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ọ̀kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi ayọ̀ ròyìn rẹ̀ káàkiri. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti pinnu pé títí ikùn yóò fi yọ fúnra rẹ̀, ọkọ kò ní gbọ́, nítorí kò sóhun tí ọkọ gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ kì í gbọ́.

Ilé ìfọṣọ ni ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́, áyọ́ọ̀nù ló sì ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ nínú èéfín omi gbígbóná. Ẹni tó fọkàn tán níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan tó ń ká aṣọ ibùsùn. Ìyá náà wo àgbọ̀n rẹ̀ títí, ó sì fi aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Ìgbà wo lèyí jáde?"

"Kò pẹ́, mà. Ìgbà tí ti àbúrò ọkọ mi lọ ni tèmi dé."

"Ó lọ? Ó kàn lọ bẹ́ẹ̀?"

"Bíi pé ẹnì kan fi ọwọ́ nù ún ni."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Ó wo ikùn ìyàwó, ó wá wo ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyàwó kò sì sọ nǹkan kan fún un nípa ikùn. "Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Kò ní dúró síbẹ̀. Wá ohun tó ń lò tó fi ń dán. Ibi yòówù kó gbé e pa mọ́ sí, rí i. Kí o mú nínú ẹ̀, kí o lò ó, kí tìẹ lè padà sí ẹ lára, ìwọ àti ẹni tó o gbé dání."

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ikùn. Áyọ́ọ̀nù ti jó aṣọ oníbàárà kí ó tó rántí rẹ̀.

*

Ìpara tán. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ojú aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata rẹ́. Ọjọ́ kẹta, ó pọ́n. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Onípara, wọ́n ti kó bókẹ́ẹ̀tì kúrò, wọ́n ti ti yàrá ẹ̀yìn pa, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí obìnrin náà lọ. Ohun tó wá jáde lójú aránṣọ kọjá irorẹ́. Kókó ńláńlá ni, wọ́n so pọ̀ mọ́ra, wọ́n gba ọyún, kò lè la ẹnu jẹun dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń yí lọ́kàn rẹ̀: ó ti dá a padà. Ìyàwó ti dá a padà sí mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ajórin tó ń ṣe géètì, dé láti ibi iṣẹ́, ó sì bá a níbi tó ti ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tú ojú ara rẹ̀. Ó gba abẹ́rẹ́ náà.

"Irin ni mo máa ń lu ihò sí, ìwọ wá ń lu ojú. Wọ bàtà. Ilé ìwòsàn la ń lọ, kí n má sì gbọ́ kíkùn kankan."

*

Dókítà awọ ara náà jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà, ohùn rẹ̀ kéré. Ó tan iná sí ojú aránṣọ, ó wò ó títí, ó gba agolo òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ni wọ́n sọ fún ẹ pé ó ṣe é?"

Aránṣọ wolẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó rán an. Gbogbo ihò kéékèèké ojú wa ni ọ̀rá máa ń sun sí. Tó bá pọ̀ jù, tí awọ tó ti kú dí ẹnu ihò náà, kòkòrò tó ń gbé ara gbogbo wa á bí sí i níbẹ̀. Á wú, á pọ́n, á gba ọyún. Ohun tó sì ń pàṣẹ fún ọ̀rá yẹn, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, họ́mọ́ònù la ń pè é. Nǹkan oṣù máa ń rú u sókè. Oyún máa ń mú un wá fún ẹlòmíràn. Ó tún lè wà nínú ìdílé. Ìdọ̀tí kọ́, èpè kọ́."

"Ṣùgbọ́n ìpara yẹn ṣiṣẹ́, mà."

"Oògùn tó le ni wọ́n lú mọ́ ọn, ó ń tẹ wíwú mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tó o dá a dúró, gbogbo ẹ̀ dìde pọ̀. Ìyẹn lò ń rí yìí."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà gbé páálí oògùn kápúsù kan síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Ó máa ń gbẹ ọ̀rá láti inú. Ètè ẹ á gbẹ, á máa bó. Gbogbo ẹni tó bá ń mu ún nìyẹn ń ṣe. Wàyí o, gbọ́ mi. Ẹyọ kan kò gbọdọ̀ dé ẹnu aboyún. Ó ń ba ọmọ jẹ́ nínú, orí ọmọ, ọkàn ẹ̀, etí ẹ̀. Ìdí tá a fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò nìyẹn, oṣooṣù la ó sì máa ṣe é."

"Mi ò tíì lọ́kọ, mà."

"Mi ò béèrè ọkọ. Má fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀."

Lára páálí náà ni àwòrán aboyún kan wà, wọ́n sì fi ìlà pupa dábùú rẹ̀. Aránṣọ wò ó. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ló gbà gbọ́, ojú sì tì í. Lójú ọ̀nà ilé, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ ìyàwó pọ̀ lọ́kàn, bí yóò ṣe jẹ́wọ́, bí àwọn méjèèjì yóò ṣe rẹ́rìn-ín rẹ̀.

*

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó bá ìyàwó níbẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ìgúnpá. Wọ́n ti fa gbogbo dúrọ́ọ̀ jáde.

"Mo... mo ní kí n pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí yín ni."

Aránṣọ di ilẹ̀kùn mú títí ó fi jáde. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti tò pọ̀ dà nù. Bí dókítà bá tilẹ̀ mọ awọ, ṣé ó mọ ohun tí ọwọ́ obìnrin yẹn ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn? Ìbínú gbé e. Oògùn ló ń wá? Kó rí oògùn. Kó rí èyí tí kò ní jẹ́ kó sùn.

Ó fọ́ àwọn kápúsù náà jáde nínú ike wọn, ó kó gbogbo wọn sínú agolo Onípara, ó sì dé e. Ó kó páálí àti ìwé inú rẹ̀ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sun wọ́n pọ̀ mọ́ ègé aṣọ. Lẹ́yìn náà ló gbé agolo sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ẹni tó bá yọjú kò fi ní ṣàì rí i. Kò fẹ́ ju pé kí ìyàwó rò pé èèdì ni, kí ẹ̀rù sì bà á. Kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ tí aránṣọ tètè lọ ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó ṣí agolo náà. Òórùn kánfọ̀ lù ú nímú. Àwọn hóró náà pupa, wọ́n ń dán, wọ́n sì rọ̀ lábẹ́ ìka. Kò sí orúkọ lára wọn. 

Ó mú ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ kejì pa ikùn.

"Fún èmi àti ìwọ," ó wí, ó sì gbé e mì.

Ó tún wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, ó bu díẹ̀ sínú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó ta á ní kókó, kí ó má baà máa wọlé lójoojúmọ́.

*

Ojú aránṣọ ń san. Àwọn kókó ń rọlẹ̀, èyí tó kù ń di àpá. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń bó, bí dókítà ti wí.

Níbi oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan ló gbójú sókè tó rí ètè ìyàwó. Ó gbẹ. Ó ti la ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, awọ tínrín sì ń bó lára rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lẹ́nu. Ajórin ń jẹun, ó ń ṣàwàdà pé ẹ̀ẹ̀rùn ti wọ ilé òun kí ó tó dé ilé ẹlòmíràn.

Aránṣọ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti rí i tẹ́lẹ̀ pé agolo ń fúyẹ́, ó sì ti rò pé ìgbàgbé ara òun ni. Ó yẹ kó fọhùn. Ṣùgbọ́n bó bá fọhùn, yóò sọ ti ìpara, yóò sọ orúkọ tó ń pè sí i, níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kó máa jí i gbé, ó rò nínú ara rẹ̀. Ètè ni yóò bó. Kí ló kù tó lè ṣe é?

Ó bu oúnjẹ sí i. Láti ọjọ́ náà, ojú ìyàwó ń jọ̀lọ̀ sí i.

*

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni ajórin kó wọn jọ sí pálọ̀. Kò lè jókòó. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Àbúrò mi, o máa tó di àǹtí. Àná ló tó sọ fún mi, ẹ wo obìnrin burúkú! Oṣù kẹrin ti ń lọ!"

Ìyàwó jókòó nínú aṣọ tó fẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó wo àbúrò ọkọ rẹ̀ tààrà. Kò sí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀ mọ́.

Aránṣọ dìde. "Ìyàwó," ó wí, "èyí tó ò ń mú nínú agolo mi, ìgbà wo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìyàwó fi ìka ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bi í! Oògùn ilé ìwòsàn ni! Ó ń ba ọmọ jẹ́ nínú! Orí ọmọ, ọkàn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá dókítà nísinsìnyí!"

Ẹ̀rín kú lójú ajórin. "Kí lo sọ sí ọmọ mi?"

"Kì í ṣe pé mo sọ ọ́ sí i! Páálí ẹ̀ ló kọ ọ́!"

"Páálí dà?"

"Mo ti sun ún."

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó rìn lórí eékún dé ẹsẹ̀ ìyàwó, ó ń sunkún, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìpara, orúkọ, dókítà, ìlà pupa, ọ̀rọ̀ kan kò sì tẹ̀lé òmíràn. Ohun tí ajórin gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé àbúrò rẹ̀ ti lọ ṣe oògùn sí ìyàwó rẹ̀. Ó gbá a mú láti ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ irin rẹ̀ di apá rẹ̀ méjèèjì.

Ìyàwó mú ìka kúrò létí. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ìyá àgbà ibi iṣẹ́ mi ti sọ fún mi. Wọ́n ní ọjọ́ tá a bá kéde ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi ẹnu burúkú bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n sì ti sọ ohun tí mo máa fi fọ̀ ọ́ nù."

Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Hóró pupa kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀! Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ gba ìyẹn!"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ!" ni ajórin wí, ó sì túbọ̀ dì í mú.

Ìyàwó na ọwọ́ sí ife omi orí tábìlì. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i láti fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì gbé oògùn náà mì.